Kí Iná Tó Dé, Kó Wà ní Òdo

Òórùn lẹ́ẹ̀dì tí a ń yọ́ fi jó wáyà pọ̀ ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà láàbù wa ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá wa, mo gbọ́ òórùn náà, mo sì mọ̀ pé òun ni, àmọ́ ó dà bíi pé imú ẹlòmíràn ni mo fi gbọ́ ọ. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni a ṣe àdúà fìdáù bàbá mi. N kò tíì sunkún. Kì í ṣe pé mo gbójú o. Mo wá ẹkún náà títí, n kò rí i ni, ìyẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ omi inú táǹkì ni èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi, ọmọkùnrin ará ìlú Awà kan, jọ ṣe. Tí omi bá lọ sílẹ̀, á tan páńpù. Tó bá kún, á pa á. Tí omi bá wà láàárín, fílípì-fílọ́ọ̀pù inú rẹ̀, ohun kékeré tí kì í rántí ju ení tàbí òdo lọ, ni yóò di àṣẹ tí wọ́n fún un kẹ́yìn mú. Ẹlẹgbẹ́ mi, tó sọ mí ní Ìyá Alómi torí iṣẹ́ yìí, ti kìlọ̀ fún mi: "Ìyá Alómi, èmi ni n ó sọ̀rọ̀. Ìwọ ṣáà máa mi orí." Mo mi orí.

Olùkọ́ tó ń yẹ iṣẹ́ wò kò béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Omi wà ní ìdajì bọ́kẹ́ẹ̀tì, páńpù sì wà ní pípa. Ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára iná, ó tún fi í padà. Páńpù bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn fúnra rẹ̀.

"Ta ló ní kó bẹ̀rẹ̀?"

Ẹlẹgbẹ́ mi yíjú sí mi, èmi ni mo dáhùn. "Kò sẹ́ni tó ní kó bẹ̀rẹ̀, sà. Iná lọ, iná dé, kò rántí nǹkan kan mọ́, ó wá kàn mú ení, pé kó tan."

"Tí ẹni tó ń tún un ṣe bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ńkọ́?"

Ó ní ká lọ tún un ṣe, ká padà wá kí òun tó lọ sílé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ọdún mìíràn. Ẹlẹgbẹ́ mi ń làágùn, ó ní ayé òun ti bàjẹ́. Èmi kò làágùn. Mo jó kápásítọ̀ kan mọ́ ẹsẹ̀ tó ń dá fílípì-fílọ́ọ̀pù padà sí òdo, kó lè jẹ́ pé ìgbàkígbà tí iná bá dé, páńpù á kọ́kọ́ dákẹ́ títí omi fúnra rẹ̀ yóò fi lọ sílẹ̀. Olùkọ́ náà yọ púlọ́ọ̀gì, ó fi í padà, ó tún yọ ọ́. Páńpù kò mira. Ó ní a ti yege. Ẹlẹgbẹ́ mi fò sókè, ó bẹ̀ mí pé kí n tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kí àwọn èèyàn má baà rò pé a féèlì. Mo rẹ́rìn-ín torí pé ó bẹ̀ mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo dé Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú wa, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé. Awakọ̀ náà mọ̀ mí; òun ló sábà máa ń gbé bàbá mi lọ kí Jímọ̀. Ó ní ó ti ṣe díẹ̀ tí òun ti rí wọn, ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà.

"Wọ́n ti kú," ni mo wí.

Látọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ fún mi. Ẹnu tèmi kò tíì sọ ọ́ rí. Awakọ̀ náà rọra pa kẹ̀kẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, kò sọ nǹkan kan, mo sì sunkún títí híjáàbù mi fi rin.

Mo ti rò pé òfìfo ọjọ́ wọ̀nyẹn túmọ̀ sí pé n kò fẹ́ràn bàbá mi tó. N kò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí ọ̀rẹ́ kan bá sọ fún mi báyìí pé èèyàn òun kú, òun ò sì rí ẹkún sun, n kì í ní kó mọ́kàn le. Mo máa ń ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Tó bá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́.