Oko Bàbá Mi Lórí Aṣọ

Òórùn ọ̀dà olóròóró ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, òórùn kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ mi lára títí dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà kékeré ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní Adó-Èkìtì, ní àwọn ọdún tí ọkọ̀ akẹ́rù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ohun tí a kì í sáré lọ wò mọ́. Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ni níbẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Òyìnbó, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà ya ilẹ̀ àti òkè sórí aṣọ tí a kàn mọ́ igi. Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti balẹ̀ mọ́. N kò lè jẹun tán kí n má dìde lọ wo ojú ọ̀run. Nígbà tó kù díẹ̀ kí Ìyá Òyìnbó padà sí Èkó, wọ́n ní bí bàbá mi bá gbà, àwọn yóò mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹni tí yóò kọ́ mi dáadáa.

Èmi nìkan lọ́mọkùnrin tí bàbá mi bí. Àgbẹ̀ paraku ni wọ́n, oko wọn wà lẹ́yìn Òkè-Ìlá, èmi ni wọ́n sì ń retí pé yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọn kò bínú sí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n kàn ní, "Ya oko mi wá. Bí mo bá dá a mọ̀, kí o máa lọ."

Mo rò pé ó ti tán nìyẹn. Mo jókòó ti àwọn ebè iṣu, mo ń yà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, tewétewé. Kí n tó ya díẹ̀ tán, oòrùn ti yí, òjìji ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Inú bí mi sí oòrùn.

Ìyá Òyìnbó tó wá wo iṣẹ́ mi lóko rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ebè lò ń kọ, o ò tíì ya oko. Pa ojú dé díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni kí o mú kó tó lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa ojú dé díẹ̀, àwọn ìyá tó ń ru ẹrù lọ sí Ọjà Ọba sì ń kí mi kú ìrora ojú. Mo ń to ọ̀dà sílẹ̀ ní tótòtó: àwọ̀ osùn níhìn-ín, àwọ̀ ewé lọ́hùn-ún, funfun níbi tí ìrì ti ń dán.

Òróró òyìnbó tí a fi ń po ọ̀dà wá tán nínú ìgò. Ẹni tó ní sùúrù ì bá dúró gba òmíràn. Èmi mú àdín tí ìyá mi fi ń para, mo fi pò ó. Ó pò, ó dán, inú mi dùn. Àṣé àdín kì í gbẹ bí òróró tiwọn! Mo sá àwòrán sí oòrùn, mo fẹ́ ẹ, mo bẹ̀ ẹ́, eruku àti kòkòrò nìkan ló ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì ni Ìyá Òyìnbó ń lọ, nítorí náà mo gbé e tútù-tútù lọ bá bàbá mi.

Wọ́n sún mọ́ ọn. "Kí rèé? Ṣé ọ̀dà ló dà sí aṣọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀."

Ẹ wo irú ẹnu tí mo fi lé bàbá mi sẹ́yìn nínú ilé wọn. Wọ́n sún títí ẹ̀yìn wọn fi kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù ń bà mí gidigidi.

"Àárọ̀ ni," wọ́n ní. "Ùrì wà lórí usu mi." Ẹnu Èkìtì ni wọ́n fi sọ ọ́, pé ìrì wà lórí iṣu wọn.

Wọ́n wá padà wá, wọ́n na ọwọ́, wọ́n tẹ ebè inú àwòrán náà bí wọ́n ṣe máa ń tẹ èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. Ọ̀dà tútù bá ọwọ́ wọn lọ. Ẹkún gbọ̀n mí. Bàbá mi wo àtẹ́lẹwọ́ wọn, wọn kò nù ún.

"Máa lọ. Mi ò mọ ẹni tí yóò kọ ebè lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n máa lọ."

Mo lọ. Iṣẹ́ náà ni mo fi jẹun títí mo fi darúgbó. Oko wọn di igbó lójú ayé wọn, nítorí agbára wọn kò ká a mọ́, síbẹ̀ wọn kò ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. N kò kábàámọ̀ pé mo lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá jí tí oòrùn ń yọ bọ̀, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá búrọ́ọ̀ṣì ni tàbí ọkọ́.