Obìnrin Onídẹ Tí Màámi Nù

Lánàá, wọ́n ń nu ọwọ́ ilẹ̀kùn onídẹ ní mọ́ṣáláṣí wa. Òórùn oògùn tí wọ́n fi ń nù ún dá mi padà sí ọ̀sán Sátidé kan.

Màámi ń ṣe kílínà ní ọ́fíìsì kan ní Dublin nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo sì bá a lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ère obìnrin onídẹ kan wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tiwa.

"Wo bí wọ́n ṣe jẹ́ kó dọ̀tí!" Màámi nù ún títí ó fi ń kọ mànà bí abọ́ idẹ ilé ìyá Màámi. Mo pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá ọ́fíìsì náà wọlé. "Ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án? Má padà wá mọ́!"

Nínú bọ́ọ̀sì, Màámi fi àkísà tó ti dúdú hàn mí. "Àbí ìdọ̀tí kọ́ nìyí?"

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ẹni tó rọ ère náà ló mọ̀ọ́mọ̀ fi iná sọ ọ́ di dúdú. Obìnrin dúdú ni wọ́n fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn, bí kò bá ṣáà ti ń mí.