Etí Kọ́ọ̀bù Màmá Mi

Òwú kékeré kan wà lára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń mọ kọ́ọ̀bù amọ̀ l'Ákùúrẹ́. Ìwọ̀n ìka Màmá mi ni. Nígbà Kérésì tí mo lọ kí wọn l'Óǹdó, mo yí i ká ìka wọn mẹ́ta, mo ta á ní kókó. Làkúrègbé ti mú wọn lọ́wọ́. Ife tíì ti já bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì sì bó wọn nítan. Látìgbà náà, ṣíbí ni àbúrò mi obìnrin fi ń fún wọn mu. Màmá mi, tíṣà tí gbogbo kíláàsì ń dákẹ́ fún!

Mo ní màá mọ èyí tí wọ́n lè dá gbé. Amọ̀ máa ń súnkì nínú iná, nítorí náà mo fẹ etí rẹ̀ ju òwú lọ. Etí àkọ́kọ́ sán, nítorí pé ìwàǹwára ló mú mi gbé e sóòrùn. Èkejì ṣí níbi tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta jáde nínú ààrò láìsán, mo da omi híhó sí i nígbà mẹ́wàá, mo ń gbé e sókè láti dán an wò. Oṣù mẹ́fà ti lọ, n ò délé. Mo ń sọ fún ara mi pé iṣẹ́ wọn náà ni mo ń ṣe.

Mo fi ìró wé e, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀. Gbogbo gálọ́ọ̀pù tí dẹ́rẹ́bà bọ́ sí, èmi ni mo ń kérora.

"Ṣé ẹyin ni, ẹ̀gbọ́n?" ni arábìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi béèrè.

"Kọ́ọ̀bù ni."

Ó bá rọra sún kúrò lọ́dọ̀ mi.

Nígbà tí mo délé, àbúrò mi po tíì sínú kọ́ọ̀bù náà. Màmá mi nawọ́ sí i. Ìka kan wọ inú etí rẹ̀, èkejì há. Wọ́n tì í, kò lọ. Ìgbà náà ni mo wo oríkèé wọn dáadáa: ó ti wú ju bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ìwọ̀n Kérésì ni mo gbé wá fún wọn. Ojú tì mí gan-an.

"Ó dáa o," ni wọ́n wí, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú. "Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ó fẹ́ yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ki tèmi bọ abẹ́ rẹ̀, a jọ gbé e dénu wọn.

Mo tún fi òwú wọn ìka wọn kí n tó padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo po amọ̀ tuntun, mo jókòó sídìí kẹ̀kẹ́, mo wo òwú náà. N ò gbà á gbọ́ mọ́: kí amọ̀ tó jiná, ìka wọn á ti tún wú. Mo fọwọ́, mo wọ ọkọ̀ Oǹdó láti lọ bá wọn gbé kọ́ọ̀bù.