Igi Ìṣirò Tó Mu Omi Òjò ní Bódìjà

Ìwé kejì ni mo kà dé nílé ìwé. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ ìyẹn ṣáájú, kí ẹ lè mọ irú orí tó wà lọ́rùn mi nígbà tí ẹ bá gbọ́ ìyókù. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, nígbà tí a ṣì ń kọ́ Bódìjà lọ́wọ́, tó jẹ́ pé bí ẹ bá dúró lórí àjà ilé kan, oko ẹ̀gẹ́ ni ẹ ó máa wò lọ títí dé apá Agbowó. Èmi ni olórí kápẹ́ńtà níbi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan níbẹ̀. Gbogbo pákó tó bá wà nílẹ̀ ibi iṣẹ́ náà, àṣẹ mi ló ń jẹ́.

Ẹnjiníà wa jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó sì mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n kò ní sọ bí nǹkan ṣe wúwo tó láìjẹ́ pé ó fa igi kan yọ lápò. Igi pẹlẹbẹ ni, kò fẹ̀ ju ìka méjì lọ, ojú rẹ̀ funfun bí eyín erin, nọ́ńbà wẹẹrẹ kún ara rẹ̀. Igi tín-ín-rín mìíràn wà láàárín rẹ̀ tó ń yọ́ wọlé, tó ń yọ́ jáde. Yóò fà á síwájú, yóò tì í sẹ́yìn, yóò di ojú kan, yóò ní: "Irin mẹ́fà." Òun ń pè é ní ṣíláìdì rúùlù. Igi ìṣirò ni àwa ń pè é. Mo máa ń wo igi náà bí ọmọdé ṣe ń wo ẹran lẹ́nu àgbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, a fẹ́ da kọnkéré orí ìloro iwájú ilé. Kọnkéré tútù kì í dá dúró. Pákó ló ń gbé e, òpó igi ló sì ń gbé pákó títí yóò fi gbẹ. Pákó mi ti wà nípò, àwọn òpó tí mo fi tì í lábẹ́ dúró ṣánṣán bí ọlọ́pàá. Ẹ̀rọ tí ń po kọnkéré, a tọrọ rẹ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ń lọ síbi iṣẹ́ mìíràn ní Ring Road. Ẹnjiníà ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣírò bóyá òpó mi lè gbé e. Ó fa igi ìṣirò yọ. Igi àárín rẹ̀ kò lọ. Ó fà á, ó tì í, ojú rẹ̀ pọ́n. Òjò ti bá a nínú àpò, ó ti mu omi, ó wú, ó há.

Olórí àwọn bíríkìlà, àgbàlagbà kan tó ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí ẹnjiníà, pòṣé. "Ẹ jẹ́ ká dà á bẹ́ẹ̀. Ṣé igi àpò yín ni yóò gbé kọnkéré ni, àbí òpó?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ni ẹnjiníà wí. "Bí mo bá fi bírò ṣe é, ilẹ̀ á ṣú kí n tó parí. Bí mi ò bá sì ṣe é, ẹ ò ní dà á."

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. "Ọ̀gá, ẹ gbé e wá. Ṣebí igi ni? Kò sí igi tó ṣagídí sí mi rí."

"Kápẹ́ńtà, mi ò mọ ibi tí mo ti lè rí irú rẹ̀ rà ní Ìbàdàn yìí. Bí ẹ bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Bí mo bá bà á jẹ́, kí ẹ fi ẹlòmíràn ṣe olórí kápẹ́ńtà."

Gbogbo ibi iṣẹ́ ló gbọ́. Bàbá bíríkìlà pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ kápẹ́ńtà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀gá tuntun o!"

Mo gbé igi náà lọ sábẹ́ àtíbàbà wa. Mo fi aṣọ wé e, mo fi òòlù onígi kàn án jẹ́jẹ́ títí igi àárín fi jáde. Kápẹ́ńtà lásán ì bá ti gbé ìfági, kó fá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì dá a padà kíá. Èmi kọ́. Igi tó mu omi ṣì ń bọ̀ wá gbẹ. Bí ẹ bá fá a ní tútù, lọ́jọ́ tí ọyẹ́ bá dé, yóò máa yọ̀ bọ́ bí ṣòkòtò tí okùn rẹ̀ já. Yíyan ni mo ní ká yan án gbẹ. A ní iná èédú kan tí a fi ń yọ́ àtè. Mo tẹ́ èérún igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tẹ́ igi náà lé e. Bó bá sún mọ́ iná jù, ojú funfun un nì á ká kúrò. Bó bá jìnnà jù, ilẹ̀ á ṣú bá wa. Mo jókòó tì í, mo ń yí i padà.

Bàbá bíríkìlà yọjú. "Kápẹ́ńtà, àbí àgbàdo lò ń sun? Bó bá jinná, kí o bu tèmi sílẹ̀."

"Ẹ lọ wá àgbọn tí ẹ ó fi jẹ ẹ́, Bàbá."

Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni ohun kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Ẹ wo àmì ara igi yìí: lápá òsì, ení jìnnà sí èjì gan-an. Èjì sún mọ́ ẹ̀ta díẹ̀. Bó ṣe ń lọ sápá ọ̀tún, wọ́n ń fún ara wọn mọ́ bí èrò tó sá wọ abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ nígbà òjò. Mo ní òyìnbó tó fín in ti ní láti mutí yó. Bí èmi bá fa irú ìlà báyìí sára pákó, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ á fi ẹ̀gbẹ́ ayùn nà mí.

Mo wá mú rúùlù tèmi méjì, tí àmì tiwọn dọ́gba. Mo fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan sí ọ̀kánkán èjì lára èkejì, mo wo ẹ̀ta. Ó bọ́ sí márùn-ún. Àròpọ̀ nìyẹn, kò sí tuntun níbẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún igi ẹnjiníà: mo gbé igi àárín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyókù, ení sí ọ̀kánkán èjì, mo wo ẹ̀ta. Ó bọ́ sí mẹ́fà.

Orí mi wú. Mo wo ẹ̀rin: mẹ́jọ! Báwo ni igi ṣe mọ ìlọ́po?

Mo mú kọ́ńpáàsì mi, mo fi ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sórí ení, èkejì sórí èjì. Láìfẹ̀ ẹ́, láìfún un, mo gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sórí èjì: ẹsẹ̀ kejì bọ́ sórí ẹ̀rin géérégé. Mo gbé e sórí ẹ̀rin: ó bọ́ sórí mẹ́jọ. Mo gbé e sórí ẹ̀ta: mẹ́fà. Díẹ̀ ló kù kí n pariwo. Àmì náà kò wọ́ rárá! Lórí rúùlù tèmi, ìgbésẹ̀ kan ń sọ pé kí ẹ fi nǹkan kún un. Lórí èyí, ìgbésẹ̀ kan ń sọ pé kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po. Ìdí tí àwọn nọ́ńbà ńlá fi há mọ́ra nìyẹn. Ẹni tó ní iṣu kan, tí ẹ bá fún un ní ọ̀kan sí i, yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹni tó ti ní mẹ́sàn-án, orí ìjókòó ni yóò ti ní ẹ ṣeun.

"Kápẹ́ńtà, kí lẹ ń fi kọ́ńpáàsì ṣe lára rúùlù mi?" Ẹnjiníà ti dé ẹ̀yìn mi.

"Ọ̀gá, ẹni tó ṣe igi yìí, ṣé ìgbésẹ̀ ìlọ́po ló fi fín in?"

Ó wò mí, ó jókòó lórí pákó. "Ta ló sọ fún yín?"

"Kọ́ńpáàsì ni."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé kọnkéré. Ó fi ìlà mìíràn hàn mí níbi tí ìgbésẹ̀ náà ti kúrú dé ìdajì, ó ní ìyẹn wà fún sísọ nọ́ńbà di ìlọ́po ara rẹ̀, kí ẹ̀ta di mẹ́sàn-án. Ó yé mi dé ìdajì òun náà. Ó wá ní: "Igi ńkọ́? Ṣé ó ti gbẹ?"

Mo fọwọ́ kàn án: ó ti gbẹ. Mo mú àbẹ́là, mo fi pa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, mo kì í bọ inú ihò. Gbogbo wọn ti pé lé mi lórí. Ó wọlé wọ̀ọ̀, ó jáde wọ̀ọ̀.

"Àgbàdo ti jinná!" ni Bàbá bíríkìlà kígbe, wọ́n sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo wò wọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní ta ló ń wá ọ̀gá tuntun?

Ẹnjiníà lọ wọn àárín àwọn òpó mi. Ó fa igi, ó tì í, ó di ojú kan. Ó tún ṣe é.

"Kápẹ́ńtà, àwọn òpó yín jìnnà síra jù. Wọn ò ní gbé e. Ẹ fi ọ̀kan-ọ̀kan kún un láàárín wọn."

Bàbá bíríkìlà fi ìdí lélẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Igi tí o wò sàn, ìwọ ló kọ́kọ́ bù jẹ!"

"Ọ̀gá, ẹ tún un ṣírò," ni mo wí.

"Ẹ fúnra yín ṣe é." Ó gbé igi náà lé mi lọ́wọ́, ó ń pe nọ́ńbà, èmi ń fà á, mo ń tì í, bó ṣe máa ń ṣe. Ojú kan náà ló bọ́ sí.

Títí di òní, mo mọ̀ lọ́kàn mi pé àwọn òpó yẹn lágbára. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá ní irọ́ ni igi ń pa, ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u, tó yan án, tó fi àbẹ́là pa á? A jẹ́ pé èmi ni mo bà á jẹ́ nìyẹn, mo sì ti fẹnu ara mi sọ ohun tí wọn yóò ṣe fún mi. Bí igi bá sì ń sọ òtítọ́, iṣẹ́ ọwọ́ mi lára rẹ̀ ló pé.

Mo yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo kígbe mọ́ wọn: "Ẹ sáré kó òpó wá! Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí igi tí mo tún ṣe wí ni?"