Èfìnrìn Ẹ̀bá Ògiri

Ìyá onílé wa ló kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tó wà lábẹ́ èfìnrìn yẹn, àmọ́ kó tó sọ ọ́, a ti ń jẹ ewé rẹ̀ tipẹ́tipẹ́.

Mo rántí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ijapo, ní Àkúrẹ́. Ìyàwó mi lóyún àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó bá fẹnu kàn ló ń bì. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé bí kò bá jẹun, ọmọ inú rẹ̀ lè má dúró. Ọbẹ̀ ẹja tí wọ́n já èfìnrìn tútù sí nìkan ni kì í bì. Ni mo bá gbìn ín sẹ́yìnkùlé. Gbogbo rẹ̀ ló rọ, àfi èyí tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ti walẹ̀ ibẹ̀ rí. Ó ga dé àyà mi. Mo wá ń pe ara mi ní àgbẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ará àdúgbò bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ewé.

Ìyàwó mi kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá tó ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́ ló ni iṣẹ́, òun sì máa ń kí i kí òun tó já a. Mo rò pé aládùúgbò kan ni.

Nígbà tí ìyá onílé wá láti Oǹdó, ó dé ẹ̀bá ògiri, ó dúró. Ó ní ṣé ajẹ́ńtì tó bá wa wá ilé ò sọ fún wa ni. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ọkọ òun sí. Àwọn ọmọ tó wà lókè òkun ló ń sọ pé àwọn ń bọ̀ wá fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, koríko sì ti bò ó. Ìyàwó mi rọra béèrè bóyá bàbá náà ní fìlà dúdú kan tó ya létí. Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo dé e fún un nínú pósí."

Mo ti gbé ọkọ́, ìyàwó mi dì í mú. "Bẹ́ ẹ bá hú u, kí ni mo máa jẹ?"

Ìyá nu ojú rẹ̀. "Bó ṣe máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀ náà nìyẹn. Kì í rí aboyún kó má wá nǹkan fún un jẹ." Ó ní òun ò ní ní ká já a, òun ò sì ní ní ká má já a. Ó padà sí Oǹdó.

A pinnu pé a ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi ò fi lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé abọ́ jáde, mo kí ẹni tí mi ò rí. Omi ṣì ń kán lára ewé, bẹ́ẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ la wà.

Ọmọ náà ti ga jù mí lọ báyìí. Tó bá ń jẹun, mo máa ń wò ó títí, mo ń rò ó pé ta gan-an ló bọ́ ọ nínú oyún. Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, ká ní ìwọ lo gbé abọ́ dúró níbẹ̀, ṣé o ò ní já a?