Ẹ́ńsáìmù àti Ibi Ìforíkanlẹ̀

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé sìmẹ́ńtì kọjá ní Òkokomáíkò tọ̀sán-tòru, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lóyún lẹ́ẹ̀kejì. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń jogún, ti pa àkọ́bí rẹ̀. Kò sunkún mọ́. Èmi náà kò sunkún. Bàbá wa, tí ó ní ilé-kéwú ní Àjàngbàdì, ní kí a dúpẹ́, a sì dúpẹ́, bí ẹni tí ń dá ẹni tó kí i lóhùn.

Mo wà ní yunifásítì nígbà náà. Àwọn ará mọ́sáláṣí wa ni wọ́n dáwó rán mi lọ. Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan nípa àwọn ẹ́ńsáìmù, èròjà tí ń ṣiṣẹ́ bí ọ̀bẹ, tí ń gé DNA, okùn tín-ín-rín inú ara wa tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ gbogbo ohun tí a jogún sí. Ó ní lókè òkun, wọ́n ti ń fi ọ̀kan nínú wọn wá àmì fòníkú-fọ̀ladìde lára ọmọ inú oyún. Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wálé, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé-kéwú. Mo sọ fún un.

"Báwo ló ṣe ń mọ ibi tí yóò gé?" Kò gbójú sókè.

Mo ní kì í kà á láti òkè délẹ̀. Á já lé okùn náà níbikíbi, á máa yọ̀ lọ lórí rẹ̀, á fò, á tún bọ́ síbòmíràn, títí á fi kan àwọn lẹ́tà tirẹ̀. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀, bó ti rí lára ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, á kọjá. Bí wọ́n bá pé, á dì í mú, á gé e.

"Ara kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí ni wọ́n ti ń yọ ọ́, Àǹtí mi. Kòkòrò náà á sì ti sàmì sí DNA tirẹ̀, kí ọ̀bẹ yẹn má bàa gé onílé."

"Ó gbọ́n ju ọkọ mi lọ nìyẹn. Ìyẹn ò lè fá irùngbọ̀n kó má ya ara ẹ̀."

Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín.

Nínú ilé, Bàbá ń ké kéwú, àwọn ọmọ ń gbè é. Àwọn ibì kan wà nínú kéwú tó jẹ́ pé bí a bá ti kà á débẹ̀, dandan ni kí a forí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìforíkanlẹ̀, ni gbogbo wọn bá wólẹ̀ gìrì.

"Ẹ dìde, ẹ̀yin kánjúkánjú!" Bàbá ń gbá wàláà, pátákó ìkéwú rẹ̀. "Ó jọ ọ́ ni, kì í ṣe òun. Wọ́n kàn dárúkọ ẹ̀ níbẹ̀ ni. Ẹ dúró ká débẹ̀."

"Ṣé ẹ́ńsáìmù tìẹ náà máa ń ṣì í?" ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Bí omi tí wọ́n fi í sí kò bá dára, á máa gé ibi tó jọ ọ́."

"Ó ṣe bí èèyàn nìyẹn." Ó da ẹ̀wà sínú igbá. "Wọ́n á lè fi wo tèmi?"

"Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

"Ó dáa."

Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé, ẹ̀gbọ́n mi bí obìnrin. Ọmọ náà sanra, kò ṣàìsàn. Ìyá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ṣe sàráà ìdúpẹ́ pé àìsàn náà ti yẹ̀ lórí ọmọ.

"Ó jọ ọ́ ni," Bàbá wí. "Àkọ́bí náà sanra báyìí kí àìsàn tó dé. Ẹ dúró."

A dúró. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ní ẹ̀jẹ̀ ọmọ ti tó yẹ̀ wò, a gbé e lọ sí ọsibítù. Èmi ni mo ka èsì rẹ̀ fún Bàbá lágbàlá: bíi ti ìyá rẹ̀ ni, ó gbé àmì náà, ṣùgbọ́n kò ní àìsàn.

Ẹ̀gbọ́n mi pọn ọmọ, ó dúró lẹ́bàá ògiri. "Bàbá, ṣé ibi ìforíkanlẹ̀ rèé?"

"Ibẹ̀ rèé, ọmọ mi."

Bàbá dojú kọ Ìlà-oòrùn, ó forí kanlẹ̀ lórí iyanrìn. Èmi náà forí kanlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ gbóná mọ́ mi níwájú orí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò mọ nǹkan kan lára. Bàbá pẹ́ kó tó dìde, èmi náà kò sì dìde ṣáájú rẹ̀.