Màmá Louisa àti Àwọn Ọmọ Inú Fóònù

Ohun tí gbogbo Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fi ń rántí olóògbé Màmá Louisa ni ọjọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì "kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ." Ó dá ẹgbẹ́ ìyàwòrán sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ lórí ìpè fóònù tí wọ́n ti ń rí ojú ara wọn, ó sì búra pé òun ò ní kọ́ ẹni tó bá jókòó kí àgbà. Àwọn ọmọkùnrin bá dọ̀bálẹ̀, àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, ni ojú gbogbo wọn bá pòórá lójú fóònù. Màmá figbe ta pé nẹ́tíwọ̀kì ti kó àwọn ọmọ òun lọ, ó sì pa fóònù.

Khairiyyah, ọmọ ilé kejì tó máa ń bá a tan fóònù, ṣàlàyé títí. "Màmá, wọ́n ń kí yín ni."

"Kí wọ́n máa kí mi níbi tí mo ti lè rí wọn."

Láti ọjọ́ yẹn, orí nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ ba fún un.

Nígbà kan, Yaqub, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ń fi àwòrán ọjà Jankara tó yà hàn án, ni bátìrì rẹ̀ bá kú. Fóònù ṣókùnkùn biribiri. Màmá nu awò ojú rẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó ní bí Jankara ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn tí iná bá lọ.

Àmọ́ ẹgbẹ́ náà ń kú lọ. Dátà wọ́n, àwọn òbí sì ń kó ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Gàníyù wà lára wọn; Màmá lọ jókòó sórí ẹrù aṣọ tí bàbá rẹ̀ ń tà ní Ìdúmọ̀tà, ó ní òun ò ní dìde àfi tí ọmọ bá padà sí ẹgbẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, Màmá ti bá bàbá náà ta aṣọ náà tán, Gàníyù ò sì padà.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ẹkún ẹgbẹ́ yẹn ló ń sun, kò sunkún ara rẹ̀. "Khairiyyah, má jẹ́ kí wọ́n túká o." Khairiyyah ṣèlérí, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà tí òun máa gbé e gbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ mẹ́fà péré ló wọlé sórí ìpè. Khairiyyah gbé fọ́tò Màmá síwájú fóònù. Yaqub pòórá. Azeemah pòórá. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn, ó wá ku ògiri ilé wọn nìkan. Ọkàn rẹ̀ pin. Ó gbà pé ó ti tán, ó nawọ́ kó pa fóònù.

Ìgbà náà ló gbọ́ ohùn wọn láti ilẹ̀: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá."

Ẹ̀rín pa Khairiyyah, ẹkún sì gbà á mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ẹ dìde," ó ní, "kí Màmá lè rí yín."